Ìgbésí Ayé Samuel Coleridge-Taylor, Ọ̀gá Olórin (1875–1912)

Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń ṣe ayẹyẹ, ó tọ́ kí ó ya ojú ìwé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó ti lọ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ. Ẹni tí a yàn fún ìwé ayẹyẹ ọdún kẹwàá yìí ni Samuel Coleridge-Taylor, ọ̀gá olórin tó gbé ní Ìlú Ọba. Àwọn kan nínú ẹ̀yin àlejò wa lè béèrè ìdí tí a kò fi yan ọmọ ìlú wa. Ìdí mẹ́ta ni. Èkíní, ọmọ Áfíríkà ni bàbá tó bí i, ó sì fi orin Yorùbá kan sínú ìwé rẹ̀ ní àkókò tí àwọn tó ka orin wa sí ní ilẹ̀ Òyìnbó kò pọ̀. Èkejì, àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa ni wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ ga: àwọn tíṣà, télọ̀, oníṣọ́ọ̀bù àti àgbẹ̀ tí wọ́n ń péjọ lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ láti kọ orin. Ẹ̀kẹta, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èrè iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ yòówù tó bá ń tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

A bí Samuel ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1875, ní àdúgbò Holborn ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá rẹ̀, Daniel Peter Hughes Taylor, jẹ́ ọmọ Sàró tó wá kọ́ iṣẹ́ dókítà. Sàró yìí náà ni wọ́n sọ Àjàyí Crowther àti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mìíràn kalẹ̀ sí nígbà tí wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ìyá rẹ̀, Alice Hare Martin, jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò ṣe ìgbéyàwó, bàbá sì ti padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí a tó bí ọmọ náà. Orúkọ akéwì Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Taylor Coleridge, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Croydon, ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni ó dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti Benjamin Holmans tó jẹ́ bàbá ìyá rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá àgbà yìí; iṣẹ́ kíkan irin mọ́ pátákò ẹṣin ni ó ń ṣe jẹun. Kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n ó mọ fáyólìn ta díẹ̀, òun ni ó sì kọ́kọ́ fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi àwọ̀ ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ náà kò ya aríjàgbá. Fáyólìn rẹ̀ ni ó gbájú mọ́.

Ènìyàn méjì ní ìlú Croydon ló tún ràn án lọ́wọ́. Ọ̀kan ni Joseph Beckwith, olùkọ́ fáyólìn tó gbà á sọ́dọ̀ tó sì kọ́ ọ fún ọdún púpọ̀. Èkejì ni Colonel Herbert Walters, ọ̀gá àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Presbyterian ti St George. Walters fi í sínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó sì rí i pé ẹ̀bùn ọmọ náà ti ju ohun tí Croydon lè kọ́ ọ lọ, òun ló là ọ̀nà fún un dé ilé ẹ̀kọ́ orin gíga ti Royal College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1890 ni Samuel wọ ibẹ̀, ọmọ ọdún 15 ni. Bí a bá ń sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ṣe rí: alágbẹ̀dẹ kan, olùkọ́ kan, ọ̀gá akọrin kan, gbogbo wọn ní ìlú kan náà.

Ẹ̀KỌ́ ÀTI ÌBẸ̀RẸ̀ ÒKÌKÍ

Fáyólìn ni ó bá wọ ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi yí sí kíkọ orin sílẹ̀. Charles Villiers Stanford ni olùkọ́ rẹ̀, ọkùnrin líle tí kì í yin ènìyàn lásán. Àwọn tí wọ́n jọ wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà ni Gustav Holst àti Ralph Vaughan Williams, tí orúkọ àwọn náà padà kan káàkiri ayé. Ní ọdún 1895, Stanford sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé lẹ́yìn iṣẹ́ Brahms, ọ̀gá olórin ilẹ̀ Jámánì, kò sí ẹni tó lè kọ orin fún kílárínẹ́ẹ̀tì àti olókùn mẹ́rin kí ó má ṣe dà bíi ti Brahms. Samuel lọ, ó kọ ọ́, ó sì gbé e wá. Stanford fúnra rẹ̀ gbà pé ọmọ náà ti ṣe é, ó sì mú iṣẹ́ náà lọ fi han Joseph Joachim, ògbóǹtarìgì onífáyólìn, ní Berlin.

Ọdún 1898 ni ọ̀nà là. Àwọn tó ń ṣètò àjọ̀dún orin ńlá ní Gloucester bẹ Edward Elgar pé kí ó kọ orin tuntun fún wọn. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Elgar. Ó kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Coleridge-Taylor, pé nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó o. Elgar fúnra rẹ̀ kò tíì di gbajúmọ̀ nígbà náà, owó kò sì dilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó fi àǹfààní náà sílẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Samuel fúnra rẹ̀ dúró níwájú ọkẹ́sítírà ní Gloucester láti darí orin tó kọ, àwọn ènìyàn sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ni.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1898, wọ́n kọ́kọ́ gbé Hiawatha's Wedding Feast jáde ní Royal College of Music, Stanford ló sì darí rẹ̀. Orin ìgbéyàwó ni, tó dá lé ewì tí Longfellow, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Sir Arthur Sullivan, tó ti di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú orin, wá gbọ́ ọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá.

GÍNÍ 15

Ibí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Samuel ti ta orin náà fún ilé ìtẹ̀wé Novello ní gíní 15, èyí tí í ṣe pọ́n-ùn 15 àti ṣílè 15. Ó tà á pátá ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti ọjọ́ tó ti gba owó yẹn, ìwé orin yòówù tí wọ́n bá tà, ti ilé ìtẹ̀wé ni owó rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ akọrin kan bá sì kọ ọ́ níwájú èrò tó sanwó wọlé, kò sí kọ́bọ̀ tó máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́.

Ilé ìtẹ̀wé kò rú òfin kankan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn. Ọ̀dọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò tíì múlẹ̀ ni Samuel, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé orin náà máa tà. Lójú ẹni tó ń wá owó ilé àti owó oúnjẹ, gíní 15 lọ́wọ́ sàn ju ìlérí lọ. Ṣùgbọ́n orin náà tà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìwé rẹ̀ ni wọ́n tà nígbà tó yá, orin náà sì wọ gbogbo ìlú ńlá àti kékeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Samuel fi apá kejì kún un ní ọdún 1899, ó sì fi apá kẹta parí rẹ̀ ní ọdún 1900. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Jessie Walmisley, bí ọmọkùnrin ní ọdún 1900, Hiawatha ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn òbí Jessie ti kọ́kọ́ tako ìgbéyàwó náà nítorí àwọ̀ ọkọ, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò yẹ̀ lórí ohun tó ti pinnu.

LÁÀÁRÍN ÀWỌN ẸGBẸ́ AKỌRIN ÌLÚ KÉKERÉ

Kí ló mú kí orin náà tàn bẹ́ẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ni. Ní àkókò yẹn, ó ṣòro kí ènìyàn rí ìlú kékeré ní Ìlú Ọba tí kò ní ẹgbẹ́ akọrin tirẹ̀. Iṣẹ́ wọn ní àkókò tirẹ̀ bí iṣẹ́ oko. Bí ìkórè bá ti parí tí òtútù bẹ̀rẹ̀, wọn yóò máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní gbọ̀ngàn ilé ìwé tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn yóò ṣe kọ́ńsáàtì kan ní àsìkò Kérésìmesì, wọn yóò sì ṣe òmíràn kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Owó ìdá ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń ra ìwé orin. Púpọ̀ nínú wọn kò lè ka nọ́ọ̀tù. Tónìkì sọ́fà ni wọ́n fi ń kọrin, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń ṣe títí di òní. Bí ọjọ́ kọ́ńsáàtì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn yóò háyà àwọn onífáyólìn àti onífèrè láti ìlú ńlá wá kún àwọn tiwọn.

Orin Coleridge-Taylor bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mu. Ohùn rẹ̀ dùn, kò ga ju ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn lásán lọ, kò sì gùn jù. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ náà fi ń pe ẹni tó kọ ọ́ pé kí ó wá darí àwọn, kì í sì í fojú kékeré wò wọ́n. Láti ọdún 1901 sí 1904, òun ni adarí àjọ̀dún orin Westmorland ní ìlú Kendal, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin láti abúlé àárín òkè ti ń wá figagbága, kí wọ́n tó pa ohùn pọ̀ kọ orin ńlá kan ṣoṣo. Obìnrin olórin kan tó ń jẹ́ Mary Wakefield ló dá àjọ̀dún náà sílẹ̀ ní ọdún 1885. Ní ọdún 1902, Samuel di adarí ẹgbẹ́ akọrin ìlú Rochester. Ní 1904, ó di adarí Handel Society ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ó sì wà títí tó fi kú. Ní 1906, ó dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ohun èlò olókùn sílẹ̀ ní Croydon, ìlú tó tọ́ ọ dàgbà. Ó tún máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Wales láti ṣe adájọ́ níbi ìdíje orin wọn.

Kí owó tó lè pé, ó ń ṣe tíṣà pẹ̀lú: ní Trinity College of Music láti 1903, ní Crystal Palace, àti ní Guildhall School of Music láti 1910. Bí ó bá darí ẹgbẹ́ lálẹ́ òní, yóò kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀ ọ̀la, yóò sì kọ orin tirẹ̀ lóru. Ẹni tí orin rẹ̀ ń mówó wọlé fún àwọn ẹlòmíràn lójoojúmọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin láti gbọ́ bùkátà.

Ó LỌ SÍ AMẸ́RÍKÀ

Ní ọdún 1900, ó wà lára àwọn aṣojú níbi ìpàdé àwọn ọmọ adúláwọ̀ àgbáyé tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí W. E. B. Du Bois náà wà. Láti ìgbà náà ni ó ti túbọ̀ ń fi gbangba gbé ẹ̀yà bàbá rẹ̀ lékè. Ní ọdún 1901, àwọn adúláwọ̀ ní Washington dá ẹgbẹ́ akọrin kan sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é: S. Coleridge-Taylor Choral Society. Wọ́n kọ́ Hiawatha fúnra wọn, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1904 ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn akọrin bí 200, adúláwọ̀ ni gbogbo wọn, kọrin lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níwájú èrò dúdú àti funfun, ààrẹ Theodore Roosevelt sì gbà á lálejò ní ilé ìjọba. Ẹ rántí pé àwọn òbí púpọ̀ nínú àwọn akọrin yẹn ni wọ́n bí sí oko ẹrú.

Ó tún padà lọ ní 1906 àti ní 1910. Ìrìn àjò ti 1910 ni ó gbé e dé Norfolk, ìlú kékeré kan ní àárín òkè ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Níbẹ̀, Carl Stoeckel àti ìyàwó rẹ̀ Ellen ti kó àwọn ẹgbẹ́ akọrin ìlú kéékèèké agbègbè náà jọ láti ọdún 1899. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn onípákó kan fún wọn. Wọ́n ń háyà ọkẹ́sítírà láti New York wá, wọn kì í sì í ta tíkẹ́ẹ̀tì: àwọn akọrin àti àwọn tí a pè ló ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Samuel darí orin rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ní kí ó kọ tuntun fún wọn. Orin fáyólìn tó kọ fún wọn ni Maud Powell kọ́kọ́ ta ní Norfolk ní oṣù kẹfà ọdún 1912. Samuel kò sí níbẹ̀.

ORIN YORÙBÁ NÍNÚ ÌWÉ RẸ̀

Ní ọdún 1905, wọ́n tẹ ìwé kan fún un ní Boston, èyí tó kó orin 24 ti àwọn adúláwọ̀ jọ, tó sì tún wọn tò fún dùùrù. Booker T. Washington ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ orin ẹ̀mí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan sì wá láti gúúsù Áfíríkà. Èyí tó wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń jẹ́ Oloba, orin Yorùbá sì ni. Ẹni tó fún un ní orin náà ni ìyáàfin Victoria Randle, ìyàwó dókítà John Randle ti Èkó. Ọmọ Sarah Forbes Bonetta ni obìnrin yìí, Sarah tí àwọn jagunjagun Dàhòmì kó lẹ́rú ní Òkè-Ọ̀dàn nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sì padà di ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ń tọ́jú. Báyìí ni orin kan láti ilẹ̀ wa ṣe gba ẹnu obìnrin kan dé orí dùùrù ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, tí a sì fi orúkọ ẹni tó mú un wá sínú ìwé. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dá orin náà kò sí níbẹ̀.

IKÚ RẸ̀ ÀTI OHUN TÓ TẸ̀ LÉ E

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1912, Samuel ṣubú ní ibùdókọ̀ ojú irin West Croydon. Wọ́n gbé e délé. Òtútù àyà ló mú un, ara tí iṣẹ́ ti mu ún ró kò sì lè bá a jà. Ó kú ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Ọmọ ọdún 37 péré ni. Ó fi Jessie sílẹ̀ pẹ̀lú Hiawatha ọmọ ọdún 11, àti ọmọbìnrin wọn ọmọ ọdún 9.

Nígbà náà ni ayé wá rí i pé owó kò tó nǹkan nínú ilé ọkùnrin tí orin rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ìlú. Àwọn olórin ṣe kọ́ńsáàtì ńlá ní Royal Albert Hall ní oṣù kọkànlá ọdún náà láti fi owó ran ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́. Ọba George Karùn-ún fi owó ìfẹ̀yìntì pọ́n-ùn 100 lọ́dún fún opó náà. Àánú ni èyí, a sì dúpẹ́ fún àánú, ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn olórin ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n ń jà fún òfin tó máa dáàbò bo èrè iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1914, wọ́n dá Performing Right Society sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń lo orin ní gbangba, tó sì ń pín in fún àwọn tó ni ín. Ó ti dé lẹ́yìn tí Samuel lọ.

Orin rẹ̀ kò kú. Láti ọdún 1924 títí di 1939, tí ogun fi dé, wọ́n ń ṣe Hiawatha ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọdún ní Royal Albert Hall pẹ̀lú aṣọ àti ijó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún akọrin láti oríṣiríṣi ẹgbẹ́ sì ń pé jọ kọ ọ́. Bí ọdún bá ti pé, wọn a tún padà wá, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ti ń padà wá síbi ọdún rẹ̀.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọdún 10 kì í ṣe ọjọ́ 10. A ti dáwó, a ti jó, a ti sin òkú ara wa, a sì ti kọ orin. Nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí, a rí ohun mẹ́ta tó kàn wá.

Èkíní ni pé ẹgbẹ́ kékeré kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Àwọn abúlé Westmorland àti Norfolk kò ní gbọ̀ngàn òkúta, ṣùgbọ́n wọ́n pe ọ̀gá, ọ̀gá sì wá. Èkejì ni pé kí a tó tọwọ́ bọ̀wé, kí a wo ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀la. Ẹni tó bá ń kánjú gba owó òní lè ta owó ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta ni pé kí a má dúró de ọjọ́ ikú kí a tó rántí ìyàwó àti ọmọ ẹni tó sìn wá. Owó ìrànwọ́ tí a ń dá lóṣooṣù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí owó tó ṣòfò.

A ní ẹ̀bẹ̀ kan láti fi kún un. Àwọn orin ẹgbẹ́ wa tí a ó kọ ní ọjọ́ ayẹyẹ yìí, àwọn kan nínú wa ló dá wọn, díẹ̀ nínú àwọn wọ̀nyí sì ti lọ. Ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé ayẹyẹ yìí, a rọ akọ̀wé kí ó la ìwé kan sílẹ̀, kí a kọ orin kọ̀ọ̀kan sí i pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dá a àti ọdún tí a kọ́kọ́ kọ ọ́. Ẹni tó bá rántí, kí ó wá sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba orin náà fún rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́la, ẹgbẹ́ yóò mọ ilé tó yẹ kí owó náà lọ.